Kẹ́ Ẹ Tó Ra Hypo, Ẹ Yẹ Omi Yín Wò

Funfun pọ̀ lọ́rùn èèyàn ní Àbújá. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti pé, káfùtáànì àti jàlàbíà funfun ló ń wọ́ lọ sí Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ àti àwọn mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ á ti gbé sùtánà wọn wọ̀. Wọn kì í wọ bàtà sí i, nítorí náà etí aṣọ náà àti ilẹ̀ pupa ìlú yìí ló jọ ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn lọ́yà wà ní kóòtù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lábẹ́ gáùnù dúdú, àwọn nọ́ọ̀sì wà ní ọsibítù, àwọn agùnbánirọ̀ sì wà ní àgọ́ NYSC tó wà ní Kubwa, tàwọn ti fánẹ́ẹ̀lì, ṣòkòtò péńpé àti bàtà káńfáàsì, funfun láti òkè délẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Kò sí èyí tí kò funfun báláú nínú wọn nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Kó tó pẹ́, ọrùn á pọ́n, abíyá á di rúsúrúsú, ara aṣọ yòókù á wá ṣú, kò ní dúdú, kò sì ní funfun. Ibi tí gbogbo wa ń sáré lọ nígbà náà kò ju ṣọ́ọ̀bù lọ. A ó ra Hypo tàbí Jik, oògùn tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, a ó dà á sí i. Bí kò bá funfun, a ó tún da òmíràn lé e. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àìtó Hypo ló ń ba aṣọ funfun jẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá sọ pé a ti fọ̀ ọ́ tán ló ń bà á jẹ́: ọ̀rá ara, ọṣẹ tí kò ṣàn kúrò, erùpẹ̀, àti irin inú omi. Níbi tí omi ti burú, Hypo gan-an ló máa ń sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ ìpẹtà.

Omi la ó ti bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní Àbújá ń wá láti dáàmù Lower Usuma, lápá Ushafa. Omi yẹn ti gba ọwọ́ iṣẹ́ kọjá: wọ́n ti jẹ́ kó tòrò, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n sì ti fi kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹni tí omi yìí ń yọ nílé rẹ̀ déédéé ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi tí mẹ̀kúnnù ń gbé, ní Nyanya, ní Lugbe, ní Mararaba tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Násáráwá, bóòhóòlù ni wọ́n gbójú lé. Bí kò bá sí bóòhóòlù, mẹ́rúwà ni, tó ń ti kẹ̀kẹ́ tó kó kẹ́ẹ̀gì omi jọ gègèrè. Mẹ́rúwà kì í sì í sábà sọ ibi tó ti pọn omi rẹ̀ fún èèyàn. Omi tó gbé wá lánàá àti èyí tó gbé wá lónìí lè máà ti inú kànga kan náà jáde.

Inú àpáta líle ni wọ́n ń gbẹ́ bóòhóòlù sí ní agbègbè yìí, omi rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì. Òmíràn mọ́, ọṣẹ á sì hó nínú rẹ̀ wìtìwìtì. Òmíràn ní irin tó ti yòrò sínú rẹ̀. Irin yìí kò ṣeé fojú rí nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí pé atẹ́gùn kò tíì kàn án. Ẹ bu omi náà sínú ike funfun, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n, tí nǹkan pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá sùn sí ìsàlẹ̀ ike, irin nìyẹn. Ẹ tún lè wo ara ṣíǹkì àti inú ṣáláńgá olómi. Bí ibi tí omi ti ń kán bá fa ìlà pupa, ohun kan náà ló ń fà sára aṣọ yín, díẹ̀díẹ̀ ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀.

Ohun tí Hypo ń ṣe nínú irú omi bẹ́ẹ̀ rèé. Iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń fi odindi òru ṣe, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Hypo fi ń ṣe é: ó ń sọ irin tó ti yòrò di ìpẹtà tí kò lè yòrò mọ́, ìpẹtà yẹn á sì lẹ̀ mọ́ ara òwú. Ẹni tó da Hypo sómi torí kí aṣọ lè funfun á wá fa aṣọ yọ, á rí i pé ó ti pọ́n ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, á lọ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe Hypo náà. Omi ni kò yẹ̀ wò.

Irin nìkan kọ́ ló wà nínú omi. Omi kan wà tí èèyàn á ti ọṣẹ bọ̀, á gbo ó títí, kò ní hó. Kalíṣíọ́ọ̀mù àti magnesium tí omi kó nínú àpáta ló fà á. Bí ọṣẹ ọlọ́pàá, ìyẹn ọṣẹ gígùn, bá ti pàdé wọn, á dì, á di ègé funfun tó ń léfòó lójú omi tó sì ń lẹ̀ mọ́ etí bésìnnì. Ègé yìí ń wọnú aṣọ pẹ̀lú. Òun ló ń jẹ́ kí aṣọ tó gbẹ gan gbandi, kó sì ṣú. Ọṣẹ oníyẹ̀fun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Omo láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí, kì í dì bẹ́ẹ̀. Bí omi yín bá jẹ́ irú èyí, ẹ fi ọṣẹ ọlọ́pàá mọ sí ọrùn aṣọ àti ẹnu apá, kẹ́ ẹ fi oníyẹ̀fun fọ ìyókù.

Omi tó ní irin ṣeé tún ṣe láìná owó púpọ̀. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ máa dà á láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mélòó kan kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀ dáadáa, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rọra bù, ẹ má rú ìsàlẹ̀. Èyí tó bá ní ẹrẹ̀ nínú, álọ́ọ̀mù bíńtín tẹ́ ẹ rò pọ̀ mọ́ ọn á kó ẹrẹ̀ náà jọ, á fà á lọ sísàlẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń tún omi ìjọba ṣe. Omi òjò sì wà, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi pamọ́ dìídì fún aṣọ funfun. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: omi tó ti ojú ọ̀run wá kò tíì gba inú àpáta kọjá, kò ní ohun tó ń dènà ọṣẹ. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni Àbújá ń rí òjò. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ eruku orí páànù dànù kẹ́ ẹ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta, bí páànù bá sì ti dípẹtà, ẹ wá ibòmíràn gbé e sí.

Alágbàfọ̀ kan wà ní Kubwa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo máa ń dúró wò bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ kankan. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, nítorí aṣọ Jímọ̀. Kò ní ti káfùtáànì bọ omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ tẹ́ ọrùn rẹ̀ lé orí pátákó, á fi omi díẹ̀ pa á, á fi ọṣẹ ọlọ́pàá rá a lára títí yóò fi nípọn, á wá ká a kalẹ̀. Ó ń dúró kí ọṣẹ náà lè wọ inú ọ̀rá lọ. Ọ̀rá ara tó bá wà lára aṣọ kì í hàn lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá pẹ́ níbẹ̀ tí atẹ́gùn kàn án ló ń pọ́n, kò sì sí ohun tó ń yọ ọ́ bí ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn èyí ló ń yí inú aṣọ síta, nítorí pé inú ni ara ń kàn, tó sì ń fọ̀ ọ́ nínú omi Omo. Kì í rẹ ẹ́ mọ́jú. Ó ní aṣọ tó bá sùn nínú omi ìdọ̀tí, ìdọ̀tí yẹn náà ló ń mu padà. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Iṣẹ́ ọṣẹ ni kó gbé ìdọ̀tí sínú omi, àmọ́ bí omi náà bá ti kún tí aṣọ ṣì wà nínú rẹ̀, ìdọ̀tí á padà jókòó sára òwú.

Ibi tó ti ń ṣan aṣọ ni mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí. Omi mẹ́ta ló ń gbé kalẹ̀, kì í sì í gbé aṣọ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìkọ́kọ́ fún un dáadáa. Tó bá dé omi kẹta, á fún aṣọ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á fi àtàǹpàkò gbo omi náà mọ́ ìka. Bó bá ṣì ń yọ̀, aṣọ náà padà sínú omi tuntun nìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ọkọ rẹ̀ bi í léèrè níṣojú mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, Hypo wo lẹ fi sí i?" Ó ní, "Màámi, n ò fi nǹkan kan sí i. Mo ṣan án ni."

Èyí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Owó la fi ń ra omi ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àbújá, nítorí náà ibi tí a ti ń ṣan aṣọ la ti ń ṣọ́ omi lò. Omi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, a ti sá aṣọ. Ọṣẹ tó kù sínú rẹ̀ kì í dákẹ́ síbẹ̀: ó ń mú eruku mọ́ra, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì ń sọ ọ́ di rúsúrúsú. A wá ń fi owó omi tí a rò pé a ṣọ́ ra Hypo. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ọṣẹ kéré. Ọ̀pọ̀ wa ń da Omo sómi títí á fi hó dé ojú abọ́, a sì ń rò pé híhó yẹn ló ń fọ aṣọ. Ẹ dín in kù, omi tẹ́ ẹ ó fi ṣan án á dín kù pẹ̀lú. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan aṣọ funfun kẹ́yìn ṣì mọ́. Ẹ fi í rẹ aṣọ aláwọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi nu ilẹ̀.

Ilẹ̀ pupa ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìdí ṣòkòtò agùnbánirọ̀ lẹ́yìn ìdárayá òwúrọ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Irin tó ti dípẹtà tipẹ́tipẹ́ ló fún ilẹ̀ yìí ní àwọ̀ rẹ̀. Hypo lágbára lórí àwọ̀ tíì, ti ewé àti ti èso, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ìpẹtà ní nǹkan kan. Ẹ má sì sáré bu omi sí i, torí omi ló ń ti erùpẹ̀ wọnú òwú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ gbọn ọ́n, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kúrò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́. Bí àbàwọ́n bá ṣì hàn, ẹ fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn fún bíi wákàtí kan. Kíkan inú òroǹbó ló ń tú irin kúrò lára òwú. Ẹ wá fi omi púpọ̀ ṣan án.

Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ka ìpínrọ̀ tó ṣáájú yìí: òroǹbó àti Hypo kò gbọ́dọ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fínígà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni oògùn ìfọlé tó bá ní amóníà. Nǹkan kíkan tó bá kan Hypo á tú gáàsì kiloríìnì sílẹ̀, irú gáàsì tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní 1915 láti fi pa ọmọ ogun ọ̀tá. Bálùwẹ̀ kékeré tí wíńdò rẹ̀ wà ní títì kò yẹ ní ibi tí a ti ń dán irú rẹ̀ wò.

Kì í ṣe pé Hypo kò wúlò. Nígbà tí ará Faransé nì, Claude Berthollet, fi yé ayé láàárín ọdún 1780 sí 1789 pé kiloríìnì lè sọ aṣọ di funfun, ìtura ńlá ló jẹ́, nítorí pé ṣáájú ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń tẹ́ aṣọ sórí koríko nínú oòrùn ní Haarlem ní Netherlands àti láwọn ibòmíràn ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ìkẹyìn ni ipò rẹ̀. Aṣọ tí a ti fọ̀, tí a ti ṣan, nínú omi tí kò ní irin, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà á sí kẹ́ ẹ tó ti aṣọ bọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe wọ̀n ọ́n, kó má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Aṣọ òwú ló lè gbà á. Sílíkì àti aṣọ onírun àgùntàn á pọ́n, á sì jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi ń rán sẹ́nétọ̀ ní pọlíẹ́sítà nínú, Hypo kì í mú wọn funfun, ó lè mú wọn pọ́n. Òwú pàápàá, bí ẹ bá ń dà á sí i lemọ́lemọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya níbi tí kò yẹ kó ti ya.

Búlúù làwọn àgbà ń lò kí ọṣẹ oníyẹ̀fun tó dé, mo sì ka fífi í sílẹ̀ sí àdánù. Búlúù kì í fọ aṣọ. Ó kàn ń bo rúsúrúsú mọ́lẹ̀ ni, ojú á sì rí funfun. Òkúta olówó iyebíye ni wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n tó rí irú àwọ̀ yìí láyé àtijọ́, títí tí Jean-Baptiste Guimet, ará Faransé, fi gba ẹ̀bùn ní 1828 fún ọ̀nà tó rí láti ṣe é ní pọ́ọ́kú owó. Ilé iṣẹ́ Reckitt ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e dé ọwọ́ tiwa. Àwọn tó ń tọ́jú ère ìbejì nílẹ̀ Yorùbá rí i, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi ń kun irun orí ère. Ó wà lórí ọ̀pọ̀ ère ìbejì tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkèèrè títí dòní. Ẹ̀tù rẹ̀ kì í yòrò, ńṣe ló ń fò káàkiri inú omi, á sì sùn bí ẹ bá jẹ́ kó dúró. Nítorí náà, inú àkísà mímọ́ ni kẹ́ ẹ dì í sí kẹ́ ẹ fi í ro omi, ẹ tú aṣọ ká dáadáa kẹ́ ẹ tó rì í, kẹ́ ẹ sì tètè fà á yọ, kó má baà ṣe tótòtó sára rẹ̀. Òroǹbó ń bà á jẹ́, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀.

Ọ̀pọ̀ Omo òde òní ní ohun kan nínú tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ń gba apá kan ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò lè rí, ó ń dá a padà ní àwọ̀ búlúù. Òun ló ń mú kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun máa tàn lábẹ́ àwọn iná kan ní ilé ijó. Hypo àti oòrùn gbígbóná ń pa á díẹ̀díẹ̀, èyí ló fà á tí aṣọ mìíràn fi ń ṣú bó tilẹ̀ mọ́.

Ó wá ku sísá aṣọ. Ní àkókò òjò, oòrùn dára fún òwú tí a ti ṣan mọ́, ó ń ràn án lọ́wọ́ láti funfun. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá dé, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ẹ má sá funfun síta láìwo ojú ọ̀run. Eruku ọyẹ́ ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbéra láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, aṣọ tútù lórí okùn sì ni ibi tó rọrùn fún un jù láti bà lé. Afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ fi ń gbẹ nínú yàrá láàárín wákàtí díẹ̀, kò sídìí tó fi yẹ kó jáde. Ẹ nu okùn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìlà dúdú tí a ń rí láàárín aṣọ, okùn ló ti wá.

Agbádá funfun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sínú àpótí di ọdún Iléyá, ẹ má gbé e síbẹ̀ láìfọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ wọ̀ ọ́. Òógùn tí ẹ kò rí lónìí ló máa pọ́n lóṣù mẹ́ta sí i. Ẹ má fi sítáàṣì sí i, aáyán ń jẹ ẹ́. Ẹ má fi ọ̀rá dì í, torí kẹ́míkà inú ọ̀rá mìíràn máa ń mú funfun pọ́n. Aṣọ òwú funfun àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi wé e. Bí ọdún bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù.